Láti Ìdí Òfì dé Ojú Títì: Suzuki àti Àwọn Tí Ó Kọ́ Níṣẹ́

Òfì ni ilé-iṣẹ́ Suzuki kọ́kọ́ ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti ń rí orúkọ yìí lára táǹkì alùpùpù láti kékeré ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1909 tí Michio Suzuki, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ ọdún méjìlélógún, dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Hamamatsu ní ilẹ̀ Japan, irinṣẹ́ ìhunṣọ ni ó ń kàn tà. Ọdún mẹ́tàlélógójì kọjá lẹ́yìn náà kí ilé-iṣẹ́ yìí tó ta ohunkóhun tí ó jọ alùpùpù fún ará ìlú.

Ojú Òjé ni mo fẹ́ fi wo ìtàn náà. Ọjà tí a ń ná ní ìtàdógún ní Òjé, aṣọ òkè ni tọmọdé tàgbà fi mọ̀ ọ́n. Láti Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ni ẹrù ti ń wọlé, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà ti ń ra aṣọ. Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ríbi yà sí. Alùpùpù ni ó ń gbé dìpọ̀ aṣọ gba àárín agboolé kọjá, tí ó ń pọ́n Òkè Àrẹmọ, tí ó ń já sí Bẹẹrẹ. Òfì àti alùpùpù ń pàdé lójoojúmọ́ ní Òjé, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ pé ẹbí ni àwọn.

Ọdún 1887 ni wọ́n bí Michio ní abúlé kan nítòsí Hamamatsu, ní agbègbè tí òwú gbígbìn àti aṣọ híhun ti gbilẹ̀. Wọ́n fà á lé gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́wọ́ kí ó kọ́ṣẹ́. Ìtàn tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ni pé ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kan òfì alátẹ̀sẹ̀ fún, nítorí ó ń rí làálàá tí obìnrin náà ń ṣe nídìí òfì àtijọ́. Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n ní kí ó kan tiwọn. Kò pẹ́ tí ó fi ṣe òfì tí ó ń lo ọ̀kọ̀ méjì, kí ahunṣọ lè fi àwọ̀ oríṣiríṣi hun aṣọ onílà láì máa dúró pààrọ̀ òwú. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ahunṣọ rí, tí ó sì ti ka iye ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń dúró kí ìrépé kan tó parí, kò nílò àlàyé lórí ohun tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè fi kún owó ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí yóò fi di 1920, ilé-iṣẹ́ náà ti di ti onípìn-ín ìdókòwò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfì tí ó ń hun ìró tí àwọn ará Indonesia ń pè ní sarong, wọ́n sì ń kó òfì lọ tà sí òkè òkun.

Níbẹ̀ ni ìṣòro ti yọjú, ìṣòro tí èmi kà sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Òfì Suzuki lágbára jù. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan kì í padà wá ra òmíràn fún ọdún gbọọrọ. Oníṣòwò mìíràn ìbá dọ́gbọ́n dín agbára ọjà rẹ̀ kù kí ó lè máa tètè bàjẹ́. Michio kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ohun mìíràn tí yóò máa tà pẹ̀lú òfì. Lọ́dún 1937 ó bẹ̀rẹ̀ sí dán ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré wò, ṣùgbọ́n ogun dá a dúró. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ó padà sídìí òfì. Ní 1951, ọjà òwú dojú dé ní Japan, òfì kò sì tà mọ́.

Shunzo Suzuki, ọkọ ọmọ Michio, ni ìtàn sọ pé ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi tí ó ti lọ pẹja, tí atẹ́gùn sì ń tì í sẹ́yìn, tí ó fi ronú pé kí wọ́n so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọdún 1952 ni Power Free jáde, kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 36 cc lọ. Ní 1954 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òfì kúrò nínú orúkọ ilé-iṣẹ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ mọ́tò rọ́pò rẹ̀.

Kì í ṣe inú ilé nìkan ni ọgbọ́n Suzuki ti wá o. Ilé-iṣẹ́ MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì ni ó ní ìmọ̀ jù lọ nígbà náà nípa ẹ́ńjìnnì tú-sitiróòkù, ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ ń jó pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù. Walter Kaaden ni ògbóǹtarìgì wọn. Ní 1961, Ernst Degner, ẹni tí ó ń gun alùpùpù fún MZ nínú ìdíje, sá kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n lọ díje ní Sweden, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ bá Suzuki. Nígbà tí yóò fi di 1962, Suzuki ti gba ipò kìíní nínú ìdíje alùpùpù 50 cc ní Erékùṣù Man. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí bí a ti ń lọ, a óò gbọ́ bí àwọn mìíràn ṣe gba ìmọ̀ lọ́wọ́ Suzuki pẹ̀lú. Àwọn kan sanwó ẹ̀kọ́ náà, àwọn kan kò san.

Nígbà tí alùpùpù Japan ń wọ Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń dún: Raleigh ní ti kẹ̀kẹ́, BSA àti Triumph ní ti alùpùpù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wo alùpùpù kékeré tí Honda, Suzuki àti Yamaha ń ṣe, wọ́n ní èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n fi í sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí àwọn ará Japan gbé èyí tí ó tóbi díẹ̀ jáde, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún sún sókè, wọ́n fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ìwádìí tí Boston Consulting Group ṣe fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1975 fi hàn pé ìpín wọn nínú ọjà Amẹ́ríkà já wálẹ̀ láti 49 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1959 sí 9 ní 1973.

Àwọn tí ó ń ra alùpùpù níhìn-ín nígbà náà ni olùkọ́, wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti àwọn tí ó ń ra kòkó lóko. Owó Udoji tí ìjọba san ní 1975 mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè ra tiwọn. Onílé ni ẹni tí ó ń gùn ún. Ó ń nù ún láàárọ̀, ó ń gbé e wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́. Irú oníbàárà báyìí, alùpùpù tí yóò pẹ́ ni ó ń fẹ́, kò sì ṣàìfẹ́ san owó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Suzuki kò ní ẹ̀yà púpọ̀ nínú, mẹ̀káníìkì tí kò kàwé lè tú u lábẹ́ igi kí ó sì tò ó padà kí oòrùn tó wọ̀. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Boulos ni ó ń bá Suzuki tà á.

Ètò SAP tí ìjọba Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 ni ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Náírà já, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́, ọkọ̀ èrò kò tó. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù gbé èrò, aráàlú sì sọ wọ́n ní ọ̀kadà, orúkọ ọkọ̀ òfurufú olóyè Gabriel Igbinedion. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ra alùpùpù àti ẹni tí ó ń gùn ún kì í ṣe ẹnìkan náà mọ́. Ọlọ́kadà ń jábọ̀ owó fún ẹni tí ó ni ín lójoojúmọ́, tàbí kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Ìṣirò wọn kò jọ ti olùkọ́ àtijọ́. Ohun tí ẹni tí ó gbé owó sílẹ̀ ń bi ara rẹ̀ ni pé, oṣù mélòó ni owó mi yóò fi padà? Alùpùpù tí yóò lo ọdún mẹ́wàá kò jẹ ẹ́ lógún bí ó bá jẹ́ pé iye rẹ̀ tó ti méjì. Bí òfì Michio ṣe rí náà ni: agbára ọjà di ẹrù lórí ẹni tí ó ṣe é.

Àwọn ará China ni ó mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Jincheng, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Nanjing tí ó ti ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfurufú tẹ́lẹ̀, bá Suzuki dòwò pọ̀ láàárín àwọn ọdún 1980 àti 1990, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe AX100. Nígbà tí alùpùpù Jincheng ya wọ Nàìjíríà, kódà orúkọ kò yí padà. AX100 ni Suzuki ń pè é, AX100 náà ni Jincheng ń pè é. Mẹ̀káníìkì tí ó mọ ọ̀kan ti mọ èkejì. Owó rẹ̀ nìkan ni kò dọ́gba.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará India dé. TVS tí a ń rí káàkiri Ìbàdàn lónìí, lórí ẹsẹ̀ méjì àti lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, TVS-Suzuki ni orúkọ rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó pínyà ní 2001. Bajaj tí ó ṣe Boxer, Kawasaki ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Honda pàápàá kò bọ́ níbẹ̀: CG125 tí ó dìídì ṣe ní 1976 fún àwọn ilẹ̀ tí ọ̀nà wọn kò dára, tí àwọn ènìyàn kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ China wò ṣe ẹ̀dà tiwọn.

Àwọn kan yóò sọ pé Suzuki fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ọjà rẹ̀ nù. Èmi kò gbà pé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ni ni àṣìṣe rẹ̀. Ó gba owó lórí rẹ̀, èrè tí ó sì jẹ ní India kò kéré, nítorí àdéhùn tí ó bá ìjọba ibẹ̀ ṣe ní 1982 lórí ọkọ̀ Maruti ni ó sọ ọ́ di ọ̀gá nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré níbẹ̀. Níhìn-ín ni kò ti padà wá bi ọlọ́kadà léèrè ohun tí ó ń fẹ́. Ẹ wo ohun tí Honda ṣe ní Vietnam. Nígbà tí alùpùpù China kún ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, Honda kò sún sókè bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2002 ó gbé Wave Alpha jáde ní owó pọ́ọ́kú, ó fi ẹ̀yà ara tí ó dínwó ṣe é, ó sì gba ọjà rẹ̀ padà. Ní Nàìjíríà tí Honda ti ní ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà láti 1979, irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé, Bajaj sì ti fìdí kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin ìjọba Èkó tún dé, ti 2012, ti 2020 àti ti 2022, tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Ta ni yóò wá kó owó ńlá lé alùpùpù ní ilẹ̀ tí a lè ti fòfin dè é lóru ọjọ́ kan?

Ní Òjé, ẹ̀dà ti dé ọ̀dọ̀ aṣọ pẹ̀lú. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti ké títí lórí àdìrẹ tí ẹ̀rọ China ń tẹ̀ jáde. Aṣọ tí ẹ̀rọ hun bí aṣọ òkè náà wà lórí àtẹ ní àwọn ọjà wa. Ìrépé tẹ́ẹ́rẹ́ ni tiwa, ọwọ́ ni a fi ń hun ún, a ó sì tún rán an pọ̀. Fífẹ̀ ni tẹ̀rọ ń jáde. Nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ìmọ̀ràn kan ni ó ń wọ́pọ̀ jù: kí a fi aṣọ owó pọ́ọ́kú sílẹ̀ fún China, kí ahunṣọ wa gbájú mọ́ ìgbéyàwó àwọn olówó, níbi tí èrè wà. Ó dùn ún gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gá BSA ń sọ nípa alùpùpù kékeré. Ní 1973, BSA kò lè dá dúró mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá wọn fi í kún Norton àti Triumph.