Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìtàn Àwọn Tó Ṣe Rolleiflex

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti jókòó sí etí odò rí yóò mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe àsọdùn, nítorí pé Ẹlẹ́dàá kò ri ojú alákàn mọ́ inú agbárí bí ó ti ri tiwa, ṣùgbọ́n ó gbé e ka orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, débi pé bí alákàn bá tilẹ̀ bọ́ sínú ihò, tó fi gbogbo ara pamọ́ sínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì yóò yọ síta, yóò máa wo apẹja tó ń bọ̀ àti ẹyẹ tó ń rà bàbà lókè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbójú fò nínú òwe náà ni pé àwọn àgbà kò sọ pé oúnjẹ ni alákàn ń fi ojú wá. Orí ni wọ́n ní ó ń fi ṣọ́. Ìran wíwò wà, orí ṣíṣọ́ wà, ẹni tó sì mọ èkíní dunjú lè má mọ èkejì rárá. Èmi kò rí ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn kedere tó inú ìtàn ilé-iṣẹ́ Franke àti Heidecke, àwọn ará Jámánì tó ṣe kámẹ́rà olójú méjì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rolleiflex.

Braunschweig ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, Braunschweig ìlú kìnnìún, níbi tí Heinrich tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún ti gbé kìnnìún onídẹ kalẹ̀ níwájú ààfin rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1166. Sí ìlú yìí ni ilé Voigtländer, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ lẹ́ǹsì, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Vienna láti ọdún 1756, kó wá ní 1849, lábẹ́ òrùlé rẹ̀ sì ni Paul Franke àti Reinhold Heidecke ti jọ ṣiṣẹ́. Heidecke ni ọlọ́wọ́ idán, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í sùn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Franke ni oníṣòwò, tó mọ ibi tí owó wà àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń yọ ọ́ jáde. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn: kò sí èyí tó du aṣọ ẹnì kejì.

Ìtàn tí a gbọ́ láti ilé-iṣẹ́ náà ni pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1916, Heidecke ń ro ti àwọn ọmọ ogun tó wà nínú yàrà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá yọ orí síta láti wo ọ̀tá, ọta ìbọn ni yóò kọ́kọ́ kí i. Ó wá gbèrò kámẹ́rà kan tí ojú rẹ̀ yóò yọ ju etí yàrà lọ, nígbà tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ bá ń fi orí pamọ́ nísàlẹ̀. Ìwà alákàn gan-an nìyí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé èrò rẹ̀ dé iwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọn kò kà á sí, bẹ́ẹ̀ ni òun àti Franke ṣe dìde ní 1920, tí wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀ nínú ìlú kan náà.

Olójú mẹ́ta ni kámẹ́rà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Heidoscop ni wọ́n pè é, ó jáde ní 1921. Ojú méjì ẹ̀gbẹ́ ń ya àwòrán méjì tó jọra, kí ẹni tó bá fi ojú méjèèjì wò wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀rọ lè rí nǹkan náà bí ẹni pé ó dúró gidi níwájú òun, ojú àárín sì wà fún ayàwòrán láti máa wo ohun tó ń yà. Orí pátákó dígí ni èyí ń ya àwòrán sí. Rolleidoscop tó tẹ̀lé e ní 1926 ń lo fíìmù kíká, láti ara fíìmù kíká yìí sì ni orúkọ Rollei ti jáde. Lẹ́yìn èyí ni Heidecke yọ ojú kan kúrò, ó gbé méjì tó kù lé ara wọn lórí, nígbà tó sì di 1929, Rolleiflex dé ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ yìí, nítorí ó tó ohun à ń wò. Ojú òkè wà fún wíwò, ti ìsàlẹ̀ wà fún yíyà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú òkè wọlé yóò bá dígí tó dùbúlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ pàdé, dígí yóò sì dá a padà sókè sára dígí bàìbàì tó wà lórí àpótí, níbi tí ayàwòrán yóò ti tẹrí ba láti wò ó. Pátákó kan ṣoṣo ni ojú méjèèjì jókòó lé, wọ́n jọ ń sún síwájú ni, wọ́n jọ ń fà sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ohun tó bá mọ́ gaara lókè ti mọ́ gaara nísàlẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ọ̀tún ń di òsì nínú dígí náà, ọwọ́ ẹni tí kò tíì mọ́ ọn lára yóò sì máa lọ sí ibi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yẹ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà: ẹni tó ń fi Rolleiflex ya àgbàlagbà kò ranjú mọ́ ọn, ńṣe ló tẹrí ba fún un. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí àwọn onífọ́tò tó máa ń tẹrí lé àpótí olójú méjì báyìí láyà.

Heidecke kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwòrán 6 péré ni fíìmù Rolleiflex àkọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tó di 1932, wọ́n yí i sí fíìmù 120 tó ń gba 12, wọ́n sì fi apá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a ń yí láti fa fíìmù. Rolleicord tó dínwó tẹ̀lé e ní 1933. Ní 1937 ni Automat jáde, èyí tó ń fi ara mọ ibi tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yíyí apá kan náà sì ń mú kí ó wà ní ìmúrasílẹ̀ fún àwòrán tó kàn. Paris fún un ní ẹ̀bùn ńlá níbi àfihàn àgbáyé ọdún náà.

Ogun kejì dé, bọ́ǹbù sì rọ̀ lé Braunschweig ní oṣù kẹwàá ọdún 1944 tí àárín ìlú fi jóná ráúráú. Nígbà tí ogun parí, Franke àti Heidecke bá ara wọn lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Jena tí lẹ́ǹsì Zeiss ti ń wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà. Wọ́n ní láti yíjú sí Schneider ti Kreuznach àti sí àwọn Zeiss tuntun ní Oberkochen. Franke kú ní 1950, ọmọ rẹ̀ Horst sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ìgbà ògo wọn. Doisneau, ayàwòrán ará Faransé, gbé Rolleiflex kiri ìgboro Paris; Hans Hass, òmùwẹ̀ ará Austria, ṣe àpótí irin fún un, ó sì gbé e wọ inú òkun; Vivian Maier, olùtọ́jú ọmọ ní Chicago, fi ya ọ̀pọ̀ àwòrán tí ayé kò mọ̀ nípa wọn títí wọ́n fi ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo ní 2007. Àwọn ará Japan náà kò sùn: Minoltaflex ti jáde láti 1937, Yashica àti àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, wọ́n ń ta ohun tó jọ ọ́ ní owó pọ́ọ́kú.

Ibí yìí ni mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn ará Braunschweig. Nígbà tí Sweden gbé Hasselblad jáde ní 1948, èyí tí ènìyàn lè yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ kí ó fi òmíràn rọ́pò, wọ́n rí i. Nígbà tí Nikon F ti àwọn ará Japan dé ní 1959, tí lẹ́ǹsì tirẹ̀ náà ṣeé pààrọ̀, wọ́n rí i. Dípò kí wọ́n ṣe kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ńṣe ni wọ́n ṣe Rolleiflex ọ̀tọ̀ fún ohun tó wà lókèèrè ní 1959, ọ̀tọ̀ fún ibi tó fẹ̀ ní 1961, kí oníbàárà ra àpótí mẹ́ta fún iṣẹ́ àpótí kan! Heidecke kú ní 1960, kò sì sí ẹni tó lè dípò rẹ̀. Ọdún 1966 ni SL66, kámẹ́rà wọn tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó fi ọdún 18 rìn lẹ́yìn Hasselblad.

Heinrich Peesel, onímọ̀ físíìsì tó gba àkóso ní 1964, jí wọn lójú oorun. Òun ló gba Rollei 35 wọlé, kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò ẹ̀wù, iṣẹ́ ọwọ́ Heinz Waaske, èyí tí Leitz àti Kodak ti kọ̀. Ó tà bí ẹni ta omi lọ́jọ́ ọ̀dá. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́: wọ́n sáré lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Singapore ní 1970 nítorí owó ọ̀yà tó kéré níbẹ̀, wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, wọ́n ń ṣe oríṣiríṣi kámẹ́rà tí ọjà kò bèèrè, gbèsè báńkì sì ń ga lé orí ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí Zeiss jáwọ́ nínú kámẹ́rà ní 1972, wọ́n tilẹ̀ ra orúkọ Voigtländer lọ́wọ́ rẹ̀, ilé tó kọ èrò Heidecke lọ́jọ́ kìíní. Ní 1981, gbogbo rẹ̀ wó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ará Japan ló pa wọ́n. Èmi kò gbà. Ìgbéraga àwọn ọdún 1950 àti ìkánjú àwọn ọdún 1970 ló jọ gbé wọn ṣubú, kì í ṣe àléébù ẹ̀rọ tí Heidecke fi sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí Rolleiflex nínú ẹrù baba rẹ̀, kí ó má ṣe jù ú sí onígbàǹjo: fíìmù 120 tó ń lò ṣì ń jáde láti ọ̀dọ̀ Ilford ní England àti Kodak ní Rochester, àwòrán 12 nínú ẹyọ kan.