Àkọ̀ Ni Ilé Ọ̀bẹ: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Tọ́jú Irin

Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó wà nínú gbogbo ilé, àmọ́ tí a kì í rò pé ó ní ìtàn: ọ̀bẹ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Òwe yìí fi hàn wá pé lójú àwọn tó ṣáájú wa, àkọ̀ ni ilé ọ̀bẹ. Ta ló sì ń kọ́lé fún ohun tí kò níye lórí? Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́lé fún un, àfi ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí irin ti ń wá.

Láyé àtijọ́, inú òkúta ni wọ́n ti ń yọ irin. Wọ́n á wa òkúta náà nínú ilẹ̀, wọ́n á gé igi, wọ́n á sun ún di èédú, wọ́n á fi amọ̀ mọ iléru, kí wọ́n tó wá dáná sí i. Ní ilẹ̀ Bassar ní Tógò, iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, irin wọn sì ń dé ọ̀nà jíjìn. Ní agbègbè Ọ̀yọ́ náà, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy bá àwọn tó ń yọ́ irin lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1904. Bí irin bá sì jáde tán, alágbẹ̀dẹ ṣì ní láti fi ewìrì fẹ́ná, kó fi ẹmú dì í mú, kó fi owú lù ú, kó tó di ọ̀bẹ kan ṣoṣo.

Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó bá ní ọ̀bẹ, òógùn ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè jẹ́ kó ṣòfò. Ṣùgbọ́n kò ná owó kankan láti tọ́jú rẹ̀, torí ohun tó wà láyìíká ló ń lò.

Òkúta tó ń dán létí odò ni wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á dá ojú ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á máa fà á lọ jẹ́jẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Wọn kì í kánjú, torí gbogbo ìgbà tí a bá pọ́n ọ̀bẹ ni òkúta ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀bẹ ìyá àgbà tó ti tín-ín-rín bí ewé, ìtàn ọdún tó lò ó nìyẹn. Bí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n á fi eérú àti omi fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á fi àdín tàbí òrí ra á kó má baà dógùn-ún.

Ní ti èkù, a mọ̀ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Igi líle ni wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n á ki ìdí ọ̀bẹ bọná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á sì tì í wọ inú igi, kó jó ihò tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ewé eépín ni wọ́n á fi ha igi náà kó lè dán lọ́wọ́.

Àkọ̀ ló kù. Awọ tútù ni wọ́n ń ká mọ́ ojú ọ̀bẹ tí wọ́n ti fi òróró ra, wọ́n á rán an, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Bí awọ bá ti ń gbẹ ló ń sún kì, tí yóò fi bá ọ̀bẹ náà mu rẹ́gí. Ẹni tí kò bá ní awọ á fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há ọ̀bẹ láàárín, á fi okùn dì í. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: má ki ọ̀bẹ tútù bọ àkọ̀. Awọ máa ń pa omi mọ́ra, omi náà ló sì ń jẹ irin.

Ìmọ̀ yìí wúlò lọ́jọ́ ìṣòro. Ní ọdún 1886, ogun Dàhọ̀mì tú Kétu, wọ́n sì kó èèyàn lẹ́rú. Kò pé kò jìnnà, ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Dàhọ̀mì fúnra rẹ̀ ṣubú, tí àwọn ọmọ Kétu ń padà wálé, igbó ló kún ibi tí wọ́n fi sílẹ̀. Àdá àti ọ̀bẹ ni wọ́n fi tún ìlú ṣe. Ẹni tí irin rẹ̀ ṣì mú lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ rí ibi sùn.

Lẹ́yìn náà, irin ọkọ̀ ojú omi pọ̀ lọ́jà, àwọn iléru sì kú. Alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀ kò kú. Irin abẹ́ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló ń rọ di ọ̀bẹ títí dòní. Àwa tí à ń lò ó ni ọwọ́ wa ti yọ. À ń ra ọ̀bẹ onírọ́bà, bó bá kú a sọ ọ́ nù, a tún ra òmíràn. A ń ju ọ̀bẹ ìhòòhò sínú agbọ̀n, ọmọdé á fọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ á dà. Nígbà náà la óò rántí pé ọ̀bẹ ní ilé rí.

Bí ọ̀bẹ bàbá tàbí ìyá yín kan bá wà nílé, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó rọ ọ́ àti ẹni tó rán àkọ̀ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti sọ ọ́. Kí ni wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ ní ìlú tiyín? Ẹ sọ fún wa o. Kí Ògún má fi tiwa ṣeré.