Theme WordPress

Theme WordPress ni àkójọ fáìlì tí ó ń pinnu bí ìkànnì tí a fi WordPress kọ́ yóò ṣe rí lójú òǹkàwé: àwọ̀ rẹ̀, irú lẹ́tà rẹ̀, ibi tí mẹ́nù wà, àti bí ojúewé ṣe ń tò lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Àpilẹ̀kọ inú ìkànnì kì í sí nínú theme. Inú àká dátà ni ó wà. Nítorí náà, ènìyàn lè pààrọ̀ theme láì pàdánù àpilẹ̀kọ rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, theme tí a yàn ní ipa púpọ̀ lórí bí ìkànnì ṣe ń yá sí, lórí ààbò rẹ̀, àti lórí bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń hàn.

Ìtàn

Matt Mullenweg àti Mike Little ni wọ́n gbé WordPress jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, láti inú sọ́fítíwíà kan tí ó ń jẹ́ b2/cafelog. Ètò theme bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà 1.5, tí ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2005. Kubrick, tí Michael Heilemann ṣe, ni theme tí ó bá ẹ̀dà náà wá. Ní ọdún 2010, Twenty Ten gba ipò rẹ̀ nínú ẹ̀dà 3.0, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ theme tí ó ń bá WordPress wá ti ń jẹ́ orúkọ ọdún.

Ìṣètò

Oríṣi theme méjì ni ó wà. Èkíní ni ti àtijọ́, tí a fi èdè PHP kọ. Fáìlì style.css àti index.php ni ó pọn dandan fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní header.php fún òkè ojúewé, footer.php fún ìsàlẹ̀, àti functions.php fún àwọn àṣẹ mìíràn. Èkejì ni theme alábúlọ́ọ̀kù, tí a ń fi búlọ́ọ̀kù to gbogbo ojúewé rẹ̀, tí fáìlì theme.json sì ń ṣètò àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀. Twenty Twenty-Two, tí ó bá ẹ̀dà 5.9 wá ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú àwọn theme tí ó ń bá WordPress wá.

Ìyára

Kí ojúewé kan tó ṣí, bráwúsà gbọ́dọ̀ gba gbogbo fáìlì tí theme náà béèrè fún. Bí theme bá ní àwòrán tí ń yí fúnra rẹ̀, fọ́ǹtì mẹ́fà, àti kóòdù JavaScript rẹpẹtẹ tí ojúewé náà kò lò, òǹkàwé ni yóò fi àkókò àti owó dátà rẹ̀ san án. Ìnira yìí pọ̀ jù fún ẹni tí ń lo fóònù olówó pọ́ọ́kú níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti lágbára.

Google ní òṣùwọ̀n mẹ́ta, tí ó pe àpapọ̀ wọn ní Core Web Vitals. LCP ń wọn ìgbà tí ohun tí ó tóbi jù lójú ojúewé fi hàn; kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. INP, tí ó rọ́pò FID ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ń wọn bí ojúewé ṣe tètè dáhùn nígbà tí a bá tẹ nǹkan. Kò yẹ kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. CLS ń wọn bí àwọn nǹkan ojúewé ṣe ń sún kúrò nípò wọn; kò yẹ kí ó ju 0.1 lọ. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó ń jẹ́ PageSpeed Insights lè wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Theme nìkan kọ́ ni ó ń fa ìlọ́ra. Sáfà, plugin àti àwòrán tí ó tóbi jù náà máa ń dá kún un.

Ìgbẹ́kẹ̀lé

Àwọn olùyọ̀ǹda máa ń yẹ theme wò kí wọ́n tó gbà á sí àkójọ ọ̀fẹ́ tí ó wà ní WordPress.org. Níbẹ̀ ni a ti lè rí ọjọ́ tí a ṣe àtúnṣe sí theme kan kẹ́yìn àti iye ìkànnì tí ń lò ó. Theme olówó tí a jí gbé, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn, léwu, nítorí pé wọ́n lè fi kóòdù pamọ́ sínú rẹ̀ tí yóò ṣílẹ̀kùn ìkànnì fún olè.

Ewu mìíràn ni theme tí ó gba iṣẹ́ plugin ṣe. Bí a bá fi àmì àṣẹ ti theme kan kọ àpilẹ̀kọ, lọ́jọ́ tí a bá pààrọ̀ theme náà, àwọn àmì náà yóò kù sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ bí pàǹtírí.

Theme àti àkọtọ́ Yorùbá

Kì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì ni ó mọ Yorùbá kọ. Nínú ètò Unicode, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Àmì ohùn ni a ń gbé lé orí lẹ́tà tí ó ti ní àmì abẹ́. Bí fọ́ǹtì theme kò bá ní àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, bráwúsà yóò yá wọn láti inú fọ́ǹtì mìíràn, ọ̀rọ̀ kan yóò sì ní ìrísí méjì. Bí àlàfo ìlà bá há jù, àmì lè wọ inú ìlà kejì. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà, torí pé àmì ni ó ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀.

Yíyan theme

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni kí a wọn ojúewé àpẹẹrẹ theme náà, kí a sì ṣí i lórí fóònù gan-an. Lẹ́yìn náà, kí a wo ọjọ́ àtúnṣe rẹ̀ àti ẹ̀dà PHP tí ó nílò. Fún ìkànnì Yorùbá, kí a kọ gbólóhùn tí ó ní ẹ́, ọ̀, ṣ àti ǹ sí àkọlé àti sí inú àpilẹ̀kọ, nítorí pé fọ́ǹtì méjèèjì lè yàtọ̀. Bí a bá fẹ́ tún kóòdù theme ṣe, inú theme ọmọ ni ó yẹ kí a ti ṣe é, kí àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín má baà pa iṣẹ́ wa rẹ́.