Ilé ni À ń Wò: Ìtàn Wíwá Gálásì tí Kúésà ń Gbé

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ìtàn ìmọ̀ ìràwọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ohun kan wà tí a sọ lórúkọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ilé rẹ̀. Ohun náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kúésà. Inú àpólà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘ohun tí ó fara jọ ìràwọ̀’ ni a ti gé orúkọ náà kúrú. Kúésà kì í sì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa bí àwọn onímọ̀ ṣe wá ilé tí kúésà ń gbé, kí a sì fi hàn pé rírí ilé náà ni ó jẹ́ kí a mọ irú ohun tí orúkọ ọ̀hún ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè, nítorí pé àwa ni a óò fún un lórúkọ ní Yorùbá, àwa náà ni a óò sì fi í ṣe ìdánwò fún ọmọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ mélòó kan. Gálásì ni àgbájọ ìràwọ̀ tí ó lè tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, tí agbára òòfà so wọ́n pọ̀. Oòrùn tiwa yìí jẹ́ ọ̀kan péré nínú àwọn ìràwọ̀ gálásì tiwa. Ihò dúdú ni ibi tí ohun púpọ̀ kó jọ sí ojú kan tó bẹ́ẹ̀ tí òòfà rẹ̀ kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá ráyè jáde. (Kì í ṣe ihò bí a ṣe ń gbẹ́ ihò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí wa lẹ́nu, kò ṣeé lé jáde mọ́.) Ìsún-sí-pupa ni bí ìmọ́lẹ̀ ohun tí ó jìnnà ṣe ń nà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń sún sí apá pupa, nítorí pé àgbáyé fúnra rẹ̀ ń fẹ̀. Bí ohun kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ìsún-sí-pupa rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Orúkọ tí ó ṣáájú ìmọ̀

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni fífi ẹ̀rọ gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run gbilẹ̀. Ní 1959, àwọn onímọ̀ Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n to àwọn orísun ìgbì náà sí. Ẹ̀kẹta irú rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ‘3C’ fi ń ṣáájú nọ́ńbà ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè tọ́ka ojú ibi tí ìgbì ti ń wá gan-an. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ìlù lóru láti ìlú kejì: ó mọ̀ pé wọ́n ń lu ìlù, kò mọ agbo ilé tí wọ́n ti ń lù ú.

Òṣùpá ni ó tú àṣírí ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 1962, òṣùpá kọjá níwájú orísun tí ń jẹ́ 3C 273, Cyril Hazard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ẹ̀rọ rédíò ńlá tí ó wà ní Parkes, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣọ́ ọ. Níwọ̀n ìgbà tí a mọ ibi tí etí òṣùpá wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àkókò tí ìgbì náà dákẹ́ àti àkókò tí ó tún bẹ̀rẹ̀ tó láti fi ojú ibẹ̀ hàn. Nígbà tí wọ́n wo ojú ibẹ̀, ohun kan bí ìràwọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, tí fọ́nrán ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan sì nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Maarten Schmidt, ọmọ Nẹ́dálándì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní California, lo awò ìwòràwọ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà 5 ní orí òkè Palomar láti tú ìmọ́lẹ̀ ohun náà sí àwọ̀ rẹ̀, bí òjò ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí òṣùmàrè. Àwọn ìlà tí ó rí níbẹ̀ kò bá ti ohunkóhun tí a mọ̀ mu. Ní oṣù Kejì 1963 ni ó ṣàkíyèsí pé ìlà háídírójìn tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n, àfi pé wọ́n ti sún sí pupa ní ìwọ̀n 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ 3C 273 ti rìn fún nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀ ó mọ́lẹ̀ ju odindi gálásì lọ lọ́nà púpọ̀.

Ó ṣe pàtàkì kí a kíyè sí ohun tí Schmidt fúnra rẹ̀ kọ ní oṣù Kẹta ọdún náà. Àbá méjì ni ó gbé kalẹ̀: bóyá ìràwọ̀ kan ni, tí òòfà rẹ̀ pọ̀ jọjọ, tàbí kí ó jẹ́ àárín gbùngbùn gálásì kan tí ó jìnnà sí wa. Àbá kejì ni ó fara mọ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ẹni tí ó rí ọmọ náà ti fura pé ó ní ilé. Orúkọ kò dúró de ìwádìí. Ní 1964, Hong-Yee Chiu, nínú àpilẹ̀kọ kan fún ìwé ìròyìn Physics Today, gé àpèjẹ́ gígùn tí wọ́n ń lò kúrú, ‘kúésà’ sì bẹ̀rẹ̀. Subrahmanyan Chandrasekhar, tí ó jẹ́ olóòtú Astrophysical Journal, kò gba ọ̀rọ̀ náà láàyè nínú ìwé rẹ̀ títí di 1970, nígbà tí ó gbà á tipátipá. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ èdè-ìperí rí yóò mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀: àwọn ará ọjà ti ń ná ọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ ṣì ń jiyàn.

Iná tí kò jẹ́ kí a rí ilé

Kí ni ó lè mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní 1963 kan náà, Harlan Smith àti Dorrit Hoffleit yẹ àwọn àwòrán ojú ọ̀run àtijọ́ wò ní Harvard, wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ 3C 273 ti ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ohun tí ó bá fẹ̀ púpọ̀ kò lè yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà kíákíá, nítorí pé kò sí ìròyìn tí ó lè ti ìhà kan dé ìhà kejì ju bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré lọ. Kúésà kéré nígbà náà, bí a bá fi wé gálásì. Ní 1964, Edwin Salpeter ní Amẹ́ríkà àti Yakov Zel’dovich ní Rọ́ṣíà, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣe é, dábàá pé ihò dúdú ńlá ni ó wà níbẹ̀: gáàsì tí ń já bọ́ sínú rẹ̀ a máa yí po, a máa fara gbún ara, a sì máa gbóná títí yóò fi tàn. Ní 1969, Donald Lynden-Bell mú ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí i: ó ní àárín àwọn gálásì tí ó wà nítòsí wa ni ó yẹ kí a ti bá àwọn kúésà tí iná wọn ti kú.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó gbà. Halton Arp, tí òun náà jẹ́ gbajúmọ̀ awòràwọ̀, ní kúésà kò jìnnà rárá. Ó ní àwọn gálásì tí ó wà nítòsí ni ó ń ta wọ́n jáde, àti pé ìsún-sí-pupa wọn ní ìdí mìíràn. Kò yí ọ̀rọ̀ yìí padà títí ó fi kú ní 2013. A kò gbọdọ̀ fi Arp ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kúésà bá wà nítòsí lóòótọ́, kò sí ìdí láti wá agbára abàmì kankan fún un. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni ó lè parí ẹjọ́ náà: kí a rí gálásì yí kúésà ká, kí ìsún-sí-pupa gálásì náà sì bá ti kúésà mu.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le. Bí mọ́tò bá tan iná iwájú rẹ̀ sí wa lójú lóru, a kò ní mọ̀ bóyá takisí ni tàbí lọ́rì, kí a má tilẹ̀ sọ ti ojú awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìmọ́lẹ̀ kúésà rí, afẹ́fẹ́ ayé tiwa sì tún ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká, tí ó fi bo gálásì tí ó yí i ká mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá ni pé kí a ya àwòrán ìràwọ̀ gidi kan tí ó dá wà, kí a wọn bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe fọ́n ká, kí a sì yọ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àwòrán kúésà. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù, ilé ni.

Jerome Kristian ni ó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí tí ó gún régé lórí èyí ní 1973. Ó yẹ àwọn àwòrán awò Palomar wò, ó sì rí i pé àwọn kúésà tí ó yẹ kí ilé wọn hàn, bí wọ́n bá jìnnà tó bí a ṣe rò, ni ìmọ́lẹ̀ bíi kùrukùru yí ká. Àwọn tí kò yẹ kí ilé wọn hàn, kò hàn. Ṣùgbọ́n kùrukùru kì í ṣe ìràwọ̀. Gáàsì lásán lè tàn bẹ́ẹ̀. Ní èrò tiwa, ọdún tí ọ̀rọ̀ náà yanjú ni 1982. Todd Boroson àti J. Beverley Oke tú ìmọ́lẹ̀ kùrukùru tí ó yí 3C 48 ká sí àwọ̀, wọ́n sì bá àmì àwọn ìràwọ̀ gbígbóná níbẹ̀, tí ìsún-sí-pupa wọn bá ti kúésà náà mu. Ìràwọ̀ ń gbé ibẹ̀. Gálásì ni.

Awò Hubble, tí a gbé lọ sí òfuurufú ní 1990 tí a sì tún ojú rẹ̀ ṣe ní 1993, bọ́ lọ́wọ́ wàhálà afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ní 1994 àti 1995, John Bahcall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn kúésà kan wà tí wọn kò rí ilé kankan yí ká. Kúésà tí kò nílé! Àwọn mìíràn tún àwòrán kan náà wò lọ́nà mìíràn, wọ́n sì rí gálásì níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1997, tí Bahcall àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wo 20 kúésà, àwọn náà ti rí ilé: òmíràn rí róbótó, òmíràn ní apá tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, òmíràn sì ń fara gbún gálásì aládùúgbò rẹ̀. Ìwádìí tí James Dunlop àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé àwọn kúésà tí ó mọ́lẹ̀ jù, inú gálásì róbótó tí ó tóbi gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbé.

Kí ni a óò pè é?

Láti 1970, tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, a ti kúrò ní ibi tí a ti ń béèrè bóyá èdè wa lè gbé sáyẹ́ǹsì. Irú ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e ni a ń jà lé lórí. Bí a bá tú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní olówuuru, ‘ajọ-ìràwọ̀’ ni yóò fún wa: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘a-’ àti àpólà ìṣe ‘jọ ìràwọ̀’. Kò sí ẹni tí yóò rí àléébù gírámà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ tí ó bá a pàdé nínú àyọkà ìdánwò. Yóò kọ ọ́ pé irú ìràwọ̀ kan ni. Bí a bá fi ojú ọ̀rọ̀ wò ó, kò jẹ̀bi. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ wò ó, kò gbà. Kí ni aṣèdánwò yóò ṣe? Àṣìṣe tí àwọn tí ó ni orúkọ náà ti fi sílẹ̀ ni a óò wá fi owó ara wa rà. A fara mọ́ ọn pé kí a yá ‘kúésà’ lò bí ó ṣe wà, nítorí pé ìró rẹ̀ kò parọ́ ohunkóhun ní Yorùbá, kí a sì máa ṣe àlàyé rẹ̀ pé ọkàn gálásì tí ń jó lala ni, níbi tí ihò dúdú ti ń jẹun.

Àwọn tí ó jìnnà jù

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ kan àwọn kúésà tí kò jìnnà púpọ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí i ni ojú gálásì ń ṣú sí i, ju bí a ṣe lè rò lọ. Fún ohun tí ìsún-sí-pupa rẹ̀ jẹ́ 1, ìmọ́lẹ̀ ojú gálásì dín kù ní ìlọ́po 16; fún ohun tí tirẹ̀ jẹ́ 6, ó dín kù ní ìlọ́po 2,401. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ibẹ̀ tún ti nà kọjá pupa tí ojú lè rí.

Nítorí náà, gáàsì ni a kọ́kọ́ rí. Ní 2003, Fabian Walter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ rédíò rí gáàsì tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀ ní ibi kúésà J1148+5251, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ nígbà tí àgbáyé kò tíì pé bílíọ̀nù kan ọdún. Inú ìràwọ̀ ni a ti ń se kábọ́ọ̀nù; nítorí náà ìràwọ̀ ti gbé ibẹ̀, bí a kò tilẹ̀ rí ọ̀kankan. Ní 2012, àwọn onímọ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ jáde pé Hubble wo ibẹ̀ títí, kò rí ilé.

Awò James Webb, tí a rán lọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2021, ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní 2023, Xuheng Ding, Masafusa Onoue, John Silverman àti ẹgbẹ́ wọn kéde pé àwọn ti rí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ nínú gálásì méjì tí ó gba irú kúésà bẹ́ẹ̀ sínú. Ihò dúdú J2236+0032 wúwo tó oòrùn lọ́nà bílíọ̀nù 1.4, àwọn ìràwọ̀ ilé rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 130. Ti J2255+0251 tó mílíọ̀nù 200, ilé rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 34. Ẹgbẹ́ náà ní ìwọ̀n yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí a mọ̀ nípa àwọn gálásì tí ó wà nítòsí wa, tí ihò dúdú àti ilé ti jọ dàgbà pọ̀.

Ṣùgbọ́n ní 2024, Minghao Yue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò kan náà wo kúésà mẹ́fà mìíràn tí ó mọ́lẹ̀ ju méjì yẹn lọ. Ihò dúdú tiwọn tó nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ìràwọ̀ ilé wọn, èyí tí ó ju ti àwọn aládùúgbò wa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bóyá ọmọ ni ó kọ́kọ́ dàgbà kí ilé tó fẹ̀. Bóyá, èyí tí a rò pé kò yẹ kí a fojú fò, àwọn tí iná wọn pọ̀ jù ni a kọ́kọ́ ń rí, tí a sì fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn yòókù. Nínú mẹ́fà náà, mẹ́ta ni wọ́n rí ilé wọn. Iná àwọn mẹ́ta yòókù ṣì bo ilé wọn mọ́lẹ̀.