Kókó Ẹ̀jẹ̀ Lára Ọmọ àti Lẹ́nu Aboyún: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìyálọ́mọ ní Ìgbògbò, Báyékù àti agbègbè Ìkòròdú ló ti gbọ́ ọ rí pé àmì pupa tó yọ lára ọmọ wọn wá látinú rírìn tí wọ́n rìn nínú oòrùn ọ̀sán nígbà tí wọ́n lóyún. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀bi ìyá níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín ló pọ̀ jù lójú kan, tó sì di kókó. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ràn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ̀yin òbí mọ èyí tí a lè máa wò àti èyí tó gba kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọ ọwọ́ ni hemangioma. Kì í sábà hàn dáadáa lọ́jọ́ ìbí. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń yọ. Ó máa ń yára dàgbà títí ọmọ yóò fi pé nǹkan bí oṣù 5. Tí ọmọ bá pé ọdún kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì ti lọ sílẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ, àti lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n. Ó lè dà bí ibi tó dúdú tàbí tó wú lásán.

Ìkejì ni pyogenic granuloma. Ó máa ń yọ lójú, létè, ní ìka ọwọ́, nínú imú tàbí ní erìgì, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí nǹkan bá gún èèyàn. Ó ń dàgbà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ó máa ń mú aboyún ní erìgì. Èyí sábà máa ń dínkù lẹ́yìn ìbímọ.

Ojú àti ọwọ́ ni dókítà sábà fi ń dá hemangioma mọ̀, pẹ̀lú ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì mú un dání. Ẹ má ṣe jáfara bí ó bá:
- wà nítòsí ojú, torí ó lè ba ìríran ọmọ jẹ́;
- wà létè, ní góńgó imú tàbí ní ìdí;
- wà ní àgbọ̀n tàbí ọrùn, tí mímí ọmọ sì ń dún;
- di egbò tàbí ó ń ṣẹ̀jẹ̀;
- pé 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀ ọmọ.

Ọ̀pọ̀ hemangioma kò nílò oògùn kankan. Fún èyí tó léwu, propranolol ni wọ́n ń lò. Oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn dókítà ní Bordeaux, ilẹ̀ Faransé, kéde pé ọmọ kan tí wọ́n fún ní oògùn náà nítorí ọkàn rẹ̀ ni kókó imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní 2014, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ọmọ ọwọ́. Ó lè mú kí ṣúgà ara ọmọ lọ sílẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù díẹ̀díẹ̀ jù. Nítorí náà, dókítà ló gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun tàbí mu ọmú kí wọ́n tó fún un. Ẹ má ra á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.

Pyogenic granuloma ní tirẹ̀, gígé tàbí jíjó pẹ̀lú iná ilé ìwòsàn ni ìtọ́jú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n gbé èyí tí wọ́n gé lọ fún àyẹ̀wò, nítorí jẹjẹrẹ kan wà tó jọ ọ́. Bí wọ́n kò bá gé e tán, ó lè tún hù.

Ẹ má ṣe fi abẹ gún un, ẹ má fi òwú so ó, ẹ má sì ṣe hijáàmà sí orí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó máa dà lè pọ̀. Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 láì gbé e kúrò. Bí kò bá dúró, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ìlera tó sún mọ́ yín tàbí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìkòròdú. Wọ́n lè darí yín sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Àdúrà dára, kí a sì máa ṣe é. Ṣùgbọ́n wíwá ìwòsàn pàápàá jẹ́ ara ohun tí ẹ̀sìn wa fẹ́. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú máa ń wúlò jù, nítorí náà ẹ má dúró de ìgbà tí ọmọ bá dàgbà.