Ohun tí Yunifásítì Jẹ Ìlú: Láti Èsìẹ́ dé Òmù-Àrán

Àjọṣe àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ìlú ti wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ yunifásítì síbẹ̀. Ní 1933, H. G. Ramsay, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, dé Èsìẹ́, ó sì rí àwọn ère òkúta tó wà nínú igbó. Ó rí wọn ni mo wí o. Èmi kò sọ pé òun ló ṣàwárí wọn. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, wọ́n sì ń ṣe ọdún fún wọn. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Bàrágbọ́n ló kọ́kọ́ bá wọn pàdé, àti pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jókòó sórí àpótí.

Lẹ́yìn Ramsay, àwọn akọ̀wé ń wá. J. D. Clarke kọ̀wé nípa àwọn ère náà ní 1938. Ní 1945, wọ́n kọ́lé fún wọn, ilé yìí ló sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1978, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé ńlá tí Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí wọn jáde. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. N kò lè dá akọ̀wé kankan lẹ́bi. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, èmi náà a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà ní Yorùbá, màá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, n kì í sì í padà lọ kà á fún un.

Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, gba ọ̀nà mìíràn. Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní COBES, tó ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ gbé ní ìgbèríko fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọn a máa wọ ojúlé dé ojúlé, wọn a béèrè ibi tí omi mímu ti ń wá, àìsàn tó wọ́pọ̀ àti bí ìtọ́jú aboyún ti rí. Ẹni tí yóò di dókítà ti kọ́ bí a ṣe ń kí bàálé kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń kọ oògùn.

Ní 2011 ni Yunifásítì Landmark ṣílẹ̀kùn ní Òmù-Àrán, ìlú baba David Oyedepo, tí ìjọ rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó pàápàá yóò fọwọ́ kan ilẹ̀. Èyí wú mi lórí, nítorí ìran àgbẹ̀ ni Ìgbómìnà, ọ̀pọ̀ òbí sì ti fi owó iṣu rán ọmọ níléèwé kí ó má baà di àgbẹ̀ bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ni oko yunifásítì wà, inú ọgbà náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn odi ńkọ́?

Bí èmi bá ní àṣẹ, ọ̀nà COBES ni màá gbà. Kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan láti ìgbà ebè kíkọ títí dé ìgbà ìkórè. Kí ìwé àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ tó wọ ilé ìkàwé, kí ó kọ́kọ́ kà á ní Yorùbá ní ààfin, níṣojú àgbẹ̀ náà, kí àgbẹ̀ sì lè sọ ibi tó ti ṣì í gbọ́.