Àrùn Kò Mọ Àwọ̀: Bí Àwọn Ará Dakar Ṣe Kọ Ìyàsọ́tọ̀ ní Ọdún 1914

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá gbogbo ènìyàn wí, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí a ń ṣòwò ní ilẹ̀ onílẹ̀ jù. Nígbà tí ìlú bá tòrò, àlejò àti onílé a jọ máa nájà, a jọ máa ṣe àríyá. Ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọlé ni a máa ń mọ ẹni tí wọ́n kà sí aládùúgbò àti ẹni tí wọ́n kà sí ìdọ̀tí. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Dakar wá sínú ìwé ọdún wa yìí, kí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Dakar, Abidjan, Kumasi àti Niamey lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Àrùn tí a ń sọ yìí kì í ṣe kòrónà. Àrùn eku ni. Bí ó bá mú ènìyàn, ibà líle á gbé e ṣánlẹ̀, kókó á wú sí i ní abíyá tàbí ní orí itan, ọ̀pọ̀ kì í sì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ní ọdún 1894 ó dé Hong Kong, láti ibẹ̀ ni ó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí èbúté káàkiri ayé. Ní ọdún kan náà ni dókítà Alexandre Yersin rí kòkòrò tó ń fà á. Ní 1898, dókítà mìíràn, Paul-Louis Simond, fi hàn ní Karachi pé kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí ń fò, tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, ni ó ń gbé àrùn náà dé ara ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kí ọdún 1914 tó dé, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eku ni. Eku kì í sì í bèèrè àwọ̀ onílé kí ó tó wọlé.

Dakar ti di olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1902. Ṣùgbọ́n kí Faransé tó dé ni àwọn Lébù ti wà níbẹ̀. Apẹja àti àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ni ilẹ̀. Agboolé wọn wà láàrin gbùngbùn ìlú, ní òkè tí wọ́n ń pè ní Plateau, nítòsí ilé àwọn òyìnbó. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ti ń sọ pé kò yẹ kí àwọn àti aláwọ̀ dúdú jọ máa gbé pọ̀. Àyè ni wọn kò tíì rí.

Ọdún 1914 ni àyè náà yọ. Oṣù karùn-ún ọdún náà gbóná lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni ìbò. Àwọn tí a bí sí ìlú mẹ́rin, Saint-Louis, Gorée, Rufisque àti Dakar, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ẹnì kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, wọ́n yan Blaise Diagne, ọmọ Gorée, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè fún Faransé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó wọ ilé ìgbìmọ̀ náà. Èkejì ni àrùn eku, tí ó ti ń pa ènìyàn ní Dakar ní àkókò yẹn gan-an.

Ìjọba gbé ìgbésẹ̀ kíákíá. Wọ́n sé ọ̀nà, wọ́n ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀, wọ́n dá sí bí ẹbí ṣe ń sin òkú wọn, wọ́n sì ń dáná sun ilé koríko àti ilé pákó tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n sun ilé wọn àti àwọn aládùúgbò wọn kó kúrò ní Plateau lọ sí ibùdó tuntun kan lẹ́yìn ìlú. Ibùdó yìí ni a ń pè ní Médina títí di òní, orúkọ ìlú tí Ànábì Muhammad ṣí lọ nígbà tí ìnira pọ̀ fún un ní Mẹ́kà. Bí àwọn aláṣẹ ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìlera ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé ilé koríko ní Plateau? Gbogbo ayé mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Àwọn Lébù kò gbà. Wọ́n jáde ní gbangba, wọ́n péjọ ní ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì sọ fún ìjọba pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni, àwọn kò ní kúrò. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé iná tí ó ń jó ilé wọn kò dé ilé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ó fẹ́ di ìjà. Blaise Diagne, tí ìbò rẹ̀ kò tíì tutù, ni ó bọ́ sáàrin wọn àti gómìnà àgbà William Ponty. Ogun àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, Faransé ń wá ọmọ ogun, kò sì fẹ́ rògbòdìyàn ní olú-ìlú rẹ̀. Níkẹyìn, ìjọba kò lè kó gbogbo wọn lọ. Àwọn kan lọ sí Médina, ọ̀pọ̀ kò lọ. Títí di òní, ẹni tó bá rìn ní Plateau yóò rí agboolé àwọn Lébù láàrin àwọn ilé gogoro ọ́fíìsì àti báńkì.

Ní ti Médina, kò sí omi tó dára, kò sí ọ̀nà gidi níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ. Ẹ ò rí i pé ẹni tó sọ pé ìlera ni òun ń wá kò kọ́kọ́ wá omi. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ síbẹ̀ kò jókòó sọkún. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ mọ́sálásí, wọ́n dá ọjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọlọ́jà mọ ọjà Tilène dáadáa. Médina náà ni wọ́n ti bí olórin Youssou N'Dour ní ọdún 1959.

A kò gbọ́dọ̀ fi apá kan ìtàn yìí pamọ́. Àrùn náà ń pa ènìyàn ní tòótọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó pa ní Senegal, aláwọ̀ dúdú ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá kọ dókítà nítorí pé ó ń bínú sí ìjọba, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ohun tí àwọn Lébù lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ni kí a fi akátá ṣe àwáwí láti gba ilé adìẹ.

Àwọn mìíràn ti rí irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òkú ará Ṣáínà kan tí àrùn eku pa ní oṣù kẹta ọdún 1900. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ta okùn yí àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ká, wọ́n jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ funfun jáde, wọ́n sé àwọn yòókù mọ́. Àwọn ará Ṣáínà ní ẹgbẹ́ aláfẹ́nifẹ́re kan tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1882, irú ẹgbẹ́ tiwa yìí gan-an, tí ó ń sìnkú, tí ó ń parí ìjà, tí ó ń gba agbẹjọ́rò. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù karùn-ún, Wong Wai pẹjọ́ nítorí òfin tó ní ará Éṣíà kò gbọ́dọ̀ jáde nílùú àfi bí ó bá gba abẹ́rẹ́, nígbà tí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ funfun. Adájọ́ William Morrow dá a láre. Wọ́n tún ta okùn yí àdúgbò náà ká lẹ́ẹ̀kejì. Oníṣòwò kan tó ń ta oúnjẹ, Jew Ho, tún pẹjọ́. Ó fi hàn pé okùn náà ń yí ní kọ́rọ́kọ̀rọ, ó ń fo ilé àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì ń kó ti ará Ṣáínà mọ́ra. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1900, adájọ́ kan náà ní kí wọ́n tú okùn náà. Ó ní kíkó àwọn tí ara wọn le mọ́ àwọn aláìsàn yóò tan àrùn kálẹ̀ ni. Nígbà tí àrùn náà padà dé ní ọdún 1907, ilé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ sí jù. Pípa eku ni ó kápá rẹ̀, kì í ṣe okùn.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa pẹ̀lú. Ní Èkó, gómìnà William MacGregor, tí ó wà níbẹ̀ láti 1899 sí 1904, kọ̀ láti ya ibùgbé òyìnbó kúrò lára ti aláwọ̀ dúdú nítorí ibà. Ó ní kí wọ́n fún gbogbo ènìyàn ní kínínì. Èyí fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà ní àkókò yẹn náà, fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Nígbà tí àrùn eku dé Èkó ní ọdún 1924, ìjọba mìíràn ló wà níbẹ̀. Ní 1928 ni wọ́n dá àjọ tó ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Yábàá.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a rí ní ọdún 2020 kò ṣàjèjì sí ìtàn yìí. Ní oṣù kẹrin, ní Guangzhou, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa ti ń ra ọjà, wọ́n lé àwọn aláwọ̀ dúdú jáde nínú ilé tí wọ́n san owó rẹ̀, àwọn mìíràn sùn ní títì, nítorí wọ́n ní àwọn ló ń gbé kòrónà kiri. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀wé ìfẹ̀hónúhàn. Ní Abuja, Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, pe aṣojú Ṣáínà, ó sì fi fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn án lójúkojú. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan fi orúnkún tẹ ọrùn George Floyd mọ́lẹ̀ ní Minneapolis fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án títí ó fi kú. Gbogbo ayé jáde pẹ̀lú ìbòmú lójú. Ní Bristol, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, wọ́n wó ère Edward Colston, ẹni tó ṣòwò ẹrú, wọ́n sì yí i sínú omi. Ní Accra, ọlọ́pàá tú àwọn tó péjọ ká. Ní Gorée, níbi tí wọ́n bí Diagne, wọ́n yí orúkọ gbàgede kan tó ń jẹ́ ti Yúróòpù padà sí ti Òmìnira àti Iyì Ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ìpànìyàn.

Àwọn kan bi wá nígbà náà pé ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí èrò pọ̀ ní títì nígbà tí àrùn ń ràn. Ìbéèrè gidi ni. Kòrónà ń gba èémí ràn, kò rí bí àrùn eku. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi wọ ìbòmú, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn ní ìta gbangba. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè ní kí àrùn kọ́kọ́ tán ná.

Kí ni èyí fi kọ́ ẹgbẹ́ wa? Ọjọ́ tí àrùn bá dé ìlú tí a wà, ẹ jẹ́ kí a gba abẹ́rẹ́, kí a wẹ ọwọ́, kí a gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù láìfi pamọ́. Lẹ́yìn náà, kí a wo òfin tí wọ́n bá ṣe. Bí ó bá kan onílé àti àlejò bákan náà, ká tẹ̀lé e. Bí okùn náà bá ń fo ilé àwọn kan, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká ya fọ́tò, ká mú ìwé owó ilé wa dání, ká sì lọ pọ̀. Jew Ho kò dá lọ. Ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Lébù kò dá dúró. Aṣojú wọn bá wọn sọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó ku ẹyọ kan. Ní ọdún 2014 tí Èbólà ń jà, ọ̀pọ̀ ọjà ni wọ́n ti ń sá fún ọmọ Guinea, Liberia àti Sierra Leone, tí ara wọn sì le koko. Ẹni tí kò fẹ́ kí a fi àwọ̀ rẹ̀ pe àrùn kò gbọ́dọ̀ fi ìlú ẹlòmíràn pe é. Bí ará Guinea bá wá ra aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ tí ìròyìn burúkú bá tún dé, ẹ jẹ́ kí a tà fún un, kí a sì bèèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀.